Ìdánwò Tó Wọ Àgbàlá Wá

Orí àtàsì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé náà. Àmínátù ti gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà kaná láti ìdájí, ó ti din ẹja, ó ti gé wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní, sínú ọbẹ̀ ata, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo àgbàlá wọn ní Zongo, lẹ́yìn ọjà Missèbo. Búrẹ́mọ̀ ọkọ rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná, ẹ̀wù àwọn oní-sémíján wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fa imú.

"Ìyá Sàídá, ta ló ń gbéyàwó nílé yìí?"

"A ní àlejò ni."

"Àlejò wo? Ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá pé kó bi ọmọ léèrè ìwé ni o ń din ẹja fún? Èmi tí mò ń fi alùpùpù gbé èrò kiri Kútọnu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gààrì gbígbẹ ni mò ń bá nílé."

"Bàbá Sàídá, bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹja, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ jẹ ẹja. Kí lẹ wá ń pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí i?"

Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé ẹja ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹja kọ́ o. Ní Ọjọ́bọ̀, olórí àdúgbò ti wá sọ fún wọn pé àwọn kan ń bọ̀ tí wọn yóò máa wọ ilé kiri, tí wọn yóò máa dán àwọn ọmọdé wò bóyá wọ́n mọ ìwé kà, bóyá wọ́n mọ ìṣirò. Wọn ò ní lọ sílé-ìwé rárá, inú ilé ni wọn yóò ti bá ọmọ. Ìwé kan náà ni wọn yóò gbé síwájú ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Wọ́n ti ṣa àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ wọ̀, ó sì bọ́ sí ti Búrẹ́mọ̀. Sàídátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà ní kíláàsì kẹrin, ni wọ́n ń bọ̀ wá dán wò.

Àmínátù ló fi orí kunkun mú ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó wà ní òpópónà kejì, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kun ògiri rẹ̀ yí ká, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọ táì. Èrè aṣọ ọ̀kírìkà tó ń tà ní Missèbo ló ń bá lọ síbẹ̀. Búrẹ́mọ̀ ò fara mọ́ ọn lọ́jọ́ kan.

"Lónìí ni àríyànjiyàn yìí parí," ni ó wí, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà ní àgbàlá lè gbọ́. "Bí ọmọ yìí bá mọ ìwé kà, n ò ní la ẹnu mọ́ lórí owó ilé-ìwé láéláé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, Dàda ni yóò bá lọ sí Ṣakété lọ́la, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Mo ti sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí."

Dàda, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀, ni Àdìzátù, ẹ̀gbọ́n Búrẹ́mọ̀, ọ̀gá aránṣọ ní Ṣakété. Àná ló dé. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń run orín, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Àmínátù dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, ó ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹnu yín yìí náà lẹ ó fi yìn ín."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ta ni kò gbọ́ ohùn Sàídátù rí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá gbé ìwé kíkà ilé-ìwé rẹ̀, ìtàn ọmọ kan tó ń jẹ́ Kófì, lé ẹsẹ̀, tó ń fi Faransé kà á geere? Àwọn tó ń kọjá lọ a máa dúró gbọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì kan tilẹ̀ fún un ní búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹnu dídùn yẹn.

Ọmọ náà ní tirẹ̀ ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé lọ́jọ́ tí ilé-ìwé ò ṣí, ó ti so táì mọ́rùn, ó sì ń fò káàkiri àgbàlá. Ọdún iléyá kò dùn mọ́ ọn tó báyìí.

"Ìyá mi, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kà á tán?"

"Wọ́n á jẹ́ kí o kà á tán."

"Títí dé ibi tí wọ́n ti ń se iṣu?"

"Títí dé ibẹ̀. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí eruku ba ìbọ̀sẹ̀ rẹ jẹ́."

Kí oòrùn tó gun òrùlé, àgbàlá ti kún. Ẹni tí wọ́n pè wá, ẹni tí wọn ò pè náà wá. Tàńtì Henriette, ọmọ Agudà tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiwọn, gbé àga tirẹ̀ lọ́wọ́ dé, ó sì tẹ́ ẹ síwájú gbogbo èèyàn. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó o ní gbogbo òpópónà yẹn.

"Èmi ni n ó máa túmọ̀ fún yín," ló wí.

"Ta ló bẹ̀ yín, Tàńtì?" Búrẹ́mọ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹni tí kò bẹ̀ mí kó di etí rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwọ ni mo ń bá wí, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Tàńtì. Ilé ọ̀hún ni mi ò tíì kọ́."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí àlejò wọlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó so káàdì mọ́ ọrùn, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Wọ́n ti ń palẹ̀ Faransé mọ́ sẹ́nu láti fi kí i, àfi bó ṣe kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, tó ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Tatiana ni mò ń jẹ́, ọmọ Pobè ni mí."

Háà! Àgbàlá gbiná. "Ọmọ wa ni! Ọmọ Nàgó ni!" Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ní kó mu omi, wọ́n bi í ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Àmínátù ti gbé àwo àtàsì dé pẹ̀lú ẹja méjì lórí.

"Ẹ ṣeun, Mà. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ jẹun kí iṣẹ́ tó parí."

"Òfin yẹn dáa," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó sì tẹjú mọ́ ẹja náà.

Tatiana ní kí àwọn èèyàn sún sẹ́yìn díẹ̀, torí ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, wọ́n sì gbé e padà síwájú. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju agbára òun lọ, ó tẹ́ ẹní sídìí ògiri, ó ní kí Sàídátù jókòó kó kọjú sí èrò. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àmínátù fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ láti fi hàn pé òun ti gbọ́.

Ìṣirò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tatiana fi nọ́ńbà méjì hàn án, ó ní kó tọ́ka sí èyí tó pọ̀ jù. Ó tọ́ka sí i. Ó ní kó ro méjì pọ̀. Ó fi ìka ṣe é lábẹ́ aṣọ, ó sì dáhùn. Nígbà tó kan ìyọkúrò, ọ̀kan ṣòro fún un, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò bínú sí i. "Àgbà náà kì í fẹ́ kí wọ́n yọ tòun kúrò," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ìwé kíkà ló kù. Tatiana na ìwé pẹlẹbẹ kan sí i, abala kan ṣoṣo, tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà sí ojú rẹ̀. Sàídátù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wú ikọ́, ó na ọrùn. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe là báyìí, Faransé ń tú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò dúró, kò kọsẹ̀. Ara rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀.

"Ó ní Kófì jí ní àárọ̀," Tàńtì Henriette ń túmọ̀ ní ohùn rara. "Ó ní ó mú ọkọ́. Ó ní òun àti bàbá rẹ̀ lọ sí oko."

"Káì! Ọmọ yìí!"

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn o! Ó ní oko wọn jìn."

Búrẹ́mọ̀ ti dìde dúró láìmọ̀. Ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ẹnu tirẹ̀ náà sì ń mì. Dàda ti dá orín dúró lẹ́nu.

Sàídátù kà á dé ibì kan, ó mí, ó yí ìwé náà padà, ó sì ń kà á lọ.

Àmínátù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wo ìwé náà láti òkè èjìká ọmọ. Ó funfun. Ó ṣẹ́jú, ó tún wò ó. Ó funfun gbòò, kò sí àmì ẹyọ kan lórí rẹ̀. Ojú tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí ti kọ sí àwọn èèyàn, wọ́n sì ń mi orí sí i. Ojú tó funfun kọ sí ọmọ, ọmọ sì ń ka iṣu wíwà, iṣu dídì àti iṣu sísè láti inú rẹ̀, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Àmínátù ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ òfìfo nígbà tó bá rí i? Ó wá wo bí ara ọmọ náà ṣe ń mì síwájú sẹ́yìn. Ó mọ mímì yẹn. Òun náà mì bẹ́ẹ̀ nílé kéwú nígbà èwe, pẹ̀lú wàláà lórí ẹsẹ̀, tí Áfà ń yìn ín pé ó jáfáfá. Bí wọ́n bá fi omi fọ wàláà mọ́, òun yóò ṣì máa kà á lọ, torí etí ló fi gbà á, ara ló fi ń rántí rẹ̀. Ojú ò bá wọn dá sí i rárá.

Nínú ìwé Kófì, ibi tó dé yẹn ni ojú ewé ti máa ń parí, tí wọ́n á sì ṣí òmíràn. Ọmọ náà ti dé ibẹ̀, ó sì ti ṣí i.

Tatiana kò ṣe ojú kankan. Ó dúró títí ọmọ fi kà á tán, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í ní ìbéèrè kan ní Faransé.

"Ó ń bi í pé kí ni ewúrẹ́ jẹ," Tàńtì Henriette túmọ̀.

Sàídátù dáhùn kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Wọ́n dúró de Tàńtì. Tàńtì ò túmọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ń wá nǹkan tí kò sọ nù sábẹ́ àga. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú òun àti ojú Àmínátù pàdé. Tatiana tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ó parí."

Ó parí! Ohun tí gbogbo wọn ń retí nìyẹn. Ariwo sọ. Búrẹ́mọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó gbé e lé èjìká, ó ń jó láìsí ìlù. "Ìwé ni! Ọmọ mi ń ka ìwé! Ẹ lọ ra bísápù tútù wá ká mu, èmi ni n ó sanwó. Dàda, ẹ tú báàgì yín o, ọmọ ò lọ sí ibì kankan mọ́!" Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó ti àwo àtàsì tí àlejò ò jẹ, ó sì gbé ẹja kìíní.

Dàda tutọ́ orín dànù. "Hùn," ló wí.

Àmínátù wọ ibi ìdáná lọ, ó di ìdérí ìkòkò mú, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tatiana bá a wọlé bí ẹni tó wá fọwọ́.

"Ìwọ náà rí i," ni Àmínátù wí.

"Mo rí i, Mà. Ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn."

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn gan-an?"

"Ìyá arúgbó kan ni, Mà. Ewúrẹ́ wọ ọgbà rẹ̀, ó jẹ tòmátì rẹ̀ tán."

"Kò sí iṣu níbẹ̀?"

"Kò sí iṣu, Mà."

"Iṣu kékeré báyìí náà ò sí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tatiana kó tó mọ̀. Ó bọ́ lẹ́nu Àmínátù náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín iṣu tí kò sí, títí omijé fi dé ojú Àmínátù, tó sì wá di ẹkún gidi.

"Ṣé ọmọ tèmi nìkan ni?"

Tatiana wo ilẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wọ ilé kiri, Mà. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Kì í ṣe tiyín nìkan."

Ẹ gbọ́ ná. Ilé-ìwé tó kun ògiri yí ká, tó so táì mọ́ ọmọ lọ́rùn nínú ooru Kútọnu, tó ń gba owó kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀gá ibẹ̀ ń fi Faransé kí ìyá ọlọ́jà kó lè tètè lọ! Olùkọ́ kan á dúró síwájú ọmọ tí wọ́n há mọ́ra bí aṣọ inú báálì, á wí tirẹ̀, àwọn ọmọ á wí i tẹ̀lé e. Ó dọ̀la. Ọ̀la ń dé, wọ́n tún ń wí i. Ọlọ́run ń wò wọ́n.

Wàyí o, kí ni Àmínátù yóò ṣe? Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níta, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun yóò di dókítà. Bó bá pa ẹnu mọ́, ọmọ rẹ̀ dúró nílé-ìwé, kò sì sẹ́ni tí yóò tún bá a jà. Bó bá sọ̀rọ̀, Ṣakété ni. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Tàńtì Henriette ò ní sọ ọ́. Ọmọbìnrin yìí ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa ń bá a. Lọ́jọ́ tí òótọ́ bá bá a, ọmọ rẹ̀ ni yóò dá dúró pẹ̀lú òfìfo ìwé lọ́wọ́, níwájú àwọn tí kò ní í fẹ́ràn rẹ̀.

Ó fi ìborùn nu ojú, ó jáde.

"Bàbá Sàídá. Ọmọ wa ò mọ̀wé kà."

Ẹja ẹlẹ́ẹ̀kejì wà lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀. "Kí lo wí?"

"Mo ní kò mọ̀ ọ́n kà. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i. Tatiana, jọ̀ọ́, ṣé o lè yá mi ní ìwé yẹn? Tàńtì, ẹ kà á sí wa létí. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ nítorí mi."

Tàńtì Henriette wọ awò ojú. Ó fara balẹ̀ kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀: ìyá arúgbó, ọgbà, ewúrẹ́, tòmátì.

"Kófì ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè.

"Kò sí Kófì."

"Bóyá ó wà lẹ́yìn ìwé."

Wọ́n yí i padà. Gbogbo wọn wo funfun yẹn. Fúnra Sàídátù ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Mo kà á o! Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á! Olùkọ́ á wí, àwa náà á wí. N ò ṣi ọ̀kan. Ìyá mi, n ò ṣi ọ̀kan!" Ó bú sẹ́kún, ó sì fa táì rẹ̀ bo ojú.

Búrẹ́mọ̀ sọ ẹja padà sínú àwo. Ojú tì í, ìtìjú sì ni ọkùnrin kì í mọ̀ ọ́n gbé, ìbínú ló máa ń sọ ọ́ dà. "Mo ti wí i lójú ẹlẹ́rìí," ló wí. "Dàda, ẹ múra ọ̀la sílẹ̀. Ọmọ náà ń bá yín lọ."

"Dúró ná," ni Tàńtì Henriette wí. Ó na ìka sí ọmọ kan tó ń yọjú láàárín èrò. "Faïzath, ṣé ìwọ àti Sàídátù kọ́ lẹ jọ wà ní kíláàsì? Wá ka èyí fún mi."

Faïzath gba ìwé ìyá arúgbó àti ewúrẹ́ náà, ó wú ikọ́, ó na ọrùn. Ọ̀rọ̀ kìíní tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Kófì.

"Yéè!" Ìyá Faïzath, tó ti ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú láti ìgbà yìí wá, ká ọwọ́ lérí. Àwọn tó kù ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n sunkún. Ó hàn pé ẹni tó bá ní ọmọ nílé-ìwé náà ti ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ kiri.

Nígbà náà ni Dàda dìde lórí àpótí.

"Búrẹ́mọ̀, ka Fátíà."

"Dàda, ṣé àsìkò Fátíà nìyí?"

"Mo ní kó o kà á."

Ó kà á, geere, dé òpin. Wọ́n ṣe àmín.

"Ọlọ́run gbà á. Lẹ́tà wo ló ṣáájú níbẹ̀? Fi ìka kọ ọ́ sí yanrìn kí n rí i."

Búrẹ́mọ̀ wo yanrìn. Yanrìn náà wò ó.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kọ," ni Dàda wí. "Àdúrà nìyẹn, Ọlọ́run mọ inú wa, a ó máa kà á lọ títí a ó fi kú. Ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ ìwé ilé-ìwé, ó yẹ kí ọmọ mọ ohun tí ẹni náà ń sọ. Wọ́n sọ àwọn ọmọ wa di odídẹ́, wọ́n gbowó odídẹ́, o wá fẹ́ jẹ ọmọ níyà? Ọmọ tó kó odidi ìwé kan sórí, ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, láìfi iṣu kan sílẹ̀! Búrẹ́mọ̀, mo ní ọmọ iṣẹ́ ní Ṣakété tí n kì í rán sí ọjà ra bọ́tìnì àti òwú kó rántí méjèèjì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N ò mú un lọ."

"Dàda, mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ mí di onírọ́."

"O sọ pé yóò bá mi lọ. Ṣé èmi náà sọ pé n ó mú un?"

Ẹ̀rín yẹn, àwọn tó wà ní Missèbo á gbọ́ ọ. Búrẹ́mọ̀ gbìyànjú láti le ojú, kò le, òun náà wá bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń fi ẹ̀wù iṣẹ́ nu ojú rẹ̀. "Má sunkún mọ́. Orí rẹ pé. Ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyá rẹ ni yóò jọ mú ọ lọ, n ó gbé òfìfo ìwé síwájú ọ̀gá yín, n ó ní kó kà á fún mi."

"Èmi náà ń bọ̀!" ni ìyá Faïzath wí.

"Gbogbo wa ni," ni Tàńtì Henriette wí. "Èmi ni n ó máa túmọ̀."

"Bí ọ̀gá náà ò bá wá mọ̀ ọ́n ṣe, a ó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba," ni Àmínátù wí, ó sì wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ mọ̀ ọ́n, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹja tó mú sọ padà sínú àwo lẹ́ẹ̀kan ló gbé fún un, ó ní kó jókòó jẹun.

Tatiana ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ilé mìíràn ń dúró dè é. Ó wo ọmọ tó ń fa imú lórí ẹní, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó jókòó tì í.

"Iṣẹ́ mi ti parí nílé yìí, ìdánwò kọ́ nìyí," ló wí. "Sàídátù, ṣé o mọ orin lẹ́tà tí ẹ ń kọ nílé-ìwé, ba, be, bi, bo?"

Ó mọ̀ ọ́n. Kí ni kò mọ̀ lórí? Tatiana fi ọwọ́ bo gbogbo ìwé náà, àfi lẹ́tà méjì.

"Nínú orin yẹn, kí ni èyí àti èyí ń jẹ́ bí wọ́n bá jókòó pọ̀?"

Ọmọ náà kọ orin náà wúyẹ́wúyẹ́, ó dúró. "To."

"Ó dáa. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ orin láti òkè. Ó pẹ́. Wọ́n dúró dè é, ẹnikẹ́ni ò wú ikọ́. "Ma."

"Èyí tó kẹ́yìn?"

"Te."

"So wọ́n pọ̀."

"To... ma..." Kò mì síwájú, kò mì sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ wà lórí ìwé, ojú rẹ̀ sì wà lára ìka. "To-ma-te." Ó gbé orí sókè wo Tatiana, ó tún wo ìwé náà, ó fà á súnmọ́ imú. "Tòmátì? Ṣé tòmátì ló wà níbí?"

"Tòmátì ni."

"Tòmátì tí à ń jẹ?"

"Òun gan-an tí ewúrẹ́ jẹ."

Sàídátù yíjú sí ìyá rẹ̀. Omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ti là rekete.

"Ìyá mi, nǹkan ni ìwé ń sọ! Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

Àmínátù fẹ́ dá a lóhùn. Ọmọ náà ò tilẹ̀ dúró gbọ́. Ó ti gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ Tatiana, ó sì ti fi ìka lé ọ̀rọ̀ mìíràn.